Dátà wo ni kí n gbé lọ sí Guangzhou? Orí WhatsApp ni mo ti ń tajà

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ ọmọdé àti bàtà ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ọwọ́ àwọn tó ń lọ sí Ṣáínà ni mo ti ń rajà láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, èmi náà fẹ́ lọ fúnra mi, lásìkò tí wọ́n bá ń ná Canton Fair, ìpàtẹ ọjà ńlá tiwọn, ti ìparí ọdún ní Guangzhou. Láti Èkó, Addis Ababa la ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú.

Gbogbo nǹkan ti ń tò, ó ku ọ̀rọ̀ dátà. Bí mo ṣe ń ṣòwò nìyí: màá ya fọ́tò ọjà, màá fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi lórí WhatsApp, wọ́n á sọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ àti iye tí kí n mú, lẹ́yìn náà ni màá sanwó. Owó oníbàárà ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè dá ọjà mú fún wọn. Tí WhatsApp bá kọ̀ tí kò lọ, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, báńkì mi máa ń fi OTP ránṣẹ́ sórí láìnì mi kí owó ńlá tó lè jáde, torí náà láìnì yẹn gbọ́dọ̀ wà lára fóònù.

Ẹnì kan ní kí n ṣe roaming, ìyẹn kí n máa lo láìnì Nàìjíríà mi lọ́hùn-ún. Ẹlòmíì ní kí n ra síìmù tiwọn tí mo bá débẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ní eSIM, síìmù tí kò ní káàdì tí wọ́n ń gbé wọnú fóònù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló dáa jù. iPhone 14 ti Amẹ́ríkà ni mò ń lò, Ìkẹjà ni mo ti rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ rí.

Baba Sọ́lá kọ:

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Síìmù tiwọn ni kí ẹ rà, kété tí ẹ bá ti jáde nínú pápákọ̀ òfurufú. Bí mo ṣe ń ṣe ní Accra nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ní London. Owó tí èèyàn máa fi ra dátà roaming fún ọjọ́ díẹ̀, tó bá fi ra síìmù ìlú tó lọ, á lò ó títí dọjọ́ tó ń padà bọ̀, á sì tún ṣẹ́ kù. Owó ọjà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ná sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Alájàpá Yiwu kọ:

Ẹ̀gbọ́n Baba Sọ́lá, òótọ́ lẹ sọ nípa Accra àti London. Ti Ṣáínà yàtọ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àǹtí tó fìdí ọ̀rọ̀ yẹn múlẹ̀ lọ́kàn.

Ìjọba ibẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwa ń lò lójoojúmọ́. Láti 2009 ni wọ́n ti dí Facebook. Google kò ṣí níbẹ̀, Gmail kò ṣí, Instagram kò ṣí, YouTube kò ṣí. 2017 ni wọ́n dí WhatsApp. Tí ẹ bá ra síìmù China Mobile, China Unicom tàbí China Telecom, dátà rẹ̀ á yá gan-an, owó rẹ̀ ò sì ní pọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp á kàn máa yí ni, kò ní kúrò lójú kan.

Àmọ́ tó bá jẹ́ láìnì ìlú mìíràn lẹ fi ń lo dátà, ìyẹn láìnì tó wá ṣe àlejò níbẹ̀, WhatsApp á lọ, Google á ṣí, láìlo ohunkóhun mìíràn. Mo ti rí i lójú ara mi: èmi pẹ̀lú ẹnì kejì mi jókòó sórí tábìlì kan náà ní Xiaobei ní Guangzhou, síìmù tiwọn wà nínú fóònù tirẹ̀, eSIM wà nínú tèmi. Tèmi ń lọ, tirẹ̀ dúró.

Ohun kejì ni fóònù yín. Apple kò fi àyè tí wọ́n ń ki síìmù sí sára iPhone 14 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. eSIM nìkan ló ń gbà. Síìmù tí wọ́n ń tà fún àlejò ní Guangzhou, káàdì tí wọ́n ń ki sínú fóònù ni. Àní tí ẹ bá fẹ́ rà á, ibo lẹ fẹ́ kì í sí?

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà kọ:

Ha! Olúwa ṣeun tí mo béèrè. Òótọ́ ni, ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo lọ kí wọ́n tó gbé láìnì mi sórí eSIM lọ́jọ́ tí mo ra fóònù náà.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣebí òpó kan náà ni láìnì àlejò àti láìnì onílé jọ ń lò? Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń rí WhatsApp tí èkejì kò rí i?

Enjiníà Táyọ̀ kọ:

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn.

Nígbà tí fóònù yín bá dé Guangzhou, òpó tó sún mọ́ ọn á bi í pé, "Ta ló ni ọ́?" Láìnì yín á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni í. Wọ́n á kàn sí ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n á béèrè bóyá ó fọwọ́ sí i, bóyá owó wà níbẹ̀. Tí ìyẹn bá ní ó dáa, òpó náà á gbà yín láyè. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo dátà tí ẹ bá lò á gba orí òpó wọn, ṣùgbọ́n kò ní jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ọ̀nà kan wà láàárín ilé iṣẹ́ méjèèjì tó máa gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni láìnì, ibẹ̀ ló ti máa jáde. Ó dà bí ẹni tó sùn sí Guangzhou, àmọ́ tí ẹnu ọ̀nà àbájáde ilé rẹ̀ wà ní Hong Kong. Ìdènà tí wọ́n ṣe sẹ́nu ọ̀nà Guangzhou kò kàn án.

Ohun kan náà yìí ló ń fa nǹkan mẹ́ta mìíràn tí ẹ máa rí. Àkọ́kọ́, bí ẹnu ọ̀nà yẹn bá ṣe jìnnà tó ni dátà ṣe máa ń falẹ̀ tó. Tí ẹ bá fi láìnì Nàìjíríà ṣe roaming, fọ́tò yín á ti Guangzhou wá sí Èkó ná, kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ eSIM arìnrìn-àjò fún Ṣáínà, Hong Kong tàbí Singapore ni wọ́n ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yá ju roaming tiwa lọ. Èkejì, áàpù báńkì yín lè rò pé Hong Kong lẹ wà, kó máa bi yín ní ìbéèrè tí kì í bi yín nílé. Ẹ̀kẹta, Google lè fi èdè mìíràn kí yín káàbọ̀. Kí ìyẹn má já yín láyà.

Ẹ ṣọ́ ohun kan o. Àwọn eSIM kan wà tó jẹ́ pé inú Ṣáínà gan-an ni wọ́n ti ń jáde. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí síìmù tiwọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ṣé WhatsApp àti Google ń lọ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà láìlo VPN, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń yọ́ gba ìdènà kọjá. Tí kò bá dáhùn tààrà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Baba Sọ́lá kọ:

Enjiníà, ẹ ṣé. Èyí yé mi. VPN tí ẹ dárúkọ yẹn wá ńkọ́? Ọmọ àbúrò mi tó kàwé ní Wuhan, VPN ló ń lò lórí síìmù tiwọn, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ṣé kì í ṣe ìyẹn ló rọrùn jù?

Alájàpá Yiwu kọ:

Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ní láìnì tiwọn, torí gbogbo nǹkan ilé ìwé, ilé gbígbé àti báńkì ló so mọ́ nọ́ńbà yẹn. Alájàpá tó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò sí nírú ipò bẹ́ẹ̀.

VPN tí ìjọba wọn kò fọwọ́ sí lòdì sí òfin wọn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síta. Lọ́nà kejì, kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó lè lọ ní àárọ̀ kó má lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí àpérò ńlá ìjọba bá sì wà, wọ́n máa ń le sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, Google Play ò ṣí níbẹ̀, torí náà ẹni tí kò bá ti gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù láti ilé, kò ní rí i gbé níbẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí ẹnì kan fi òwò ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ nǹkan báyìí.

Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì náà, inú ìdènà kan náà ló wà. Mo sọ ọ́ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé àwọn á dé hòtẹ́ẹ̀lì kí àwọn tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí WhatsApp lọ nínú yàrá yín, ẹ pa Wi-Fi, ẹ jẹ́ kí eSIM ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo fẹ́ yà díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń lọ bá wa tọ́jú ọmọ tuntun lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Peckham, London. Tecno ni fóònù wọn, wọn ò mọ ohunkóhun nípa eSIM. Kí la lè ṣe fún wọn?

Àyìnlá Peckham kọ:

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run á wò ó. Ti màmá rọrùn púpọ̀, ohun tí Baba Sọ́lá sọ níṣàájú gan-an ló bá wọn mu.

Ọ̀pọ̀ Tecno ló ń gba síìmù méjì. Ẹ jẹ́ kí láìnì Nàìjíríà wà ní àyè kìíní, kí ẹ fi àyè kejì sílẹ̀ fún síìmù ibí. Kò sí pé à ń forúkọ sílẹ̀ bíi ti NIN, ẹ lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí. Lebara, giffgaff, VOXI, Smarty, wọn ò so èèyàn mọ́ àdéhùn ọlọ́dún. giffgaff máa ń fi síìmù ránṣẹ́ sílé lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà àbúrò yín lè ti gbà á sílẹ̀ kí màmá tó dé, kó kì í sí fóònù wọn ní pápákọ̀ òfurufú.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni ọjọ́ orí fóònù náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibí ti pa 3G. Tí fóònù kò bá ní 4G, dátà rẹ̀ kò ní wúlò níbí. Ẹ wá fóònù mìíràn fún wọn kí wọ́n tó gbéra, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé ibí tán kí wọ́n máa wo ojú ìbejì lórí fóònù ẹlòmíì.

Tí wọ́n bá ń gba Paris kọjá, kí ẹ béèrè ná. Láti 2017 ni ẹni tó ní síìmù orílẹ̀-èdè kan nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń lò ó ní ìyókù láìsan àfikún owó, ṣùgbọ́n Bìrìtìkó ti jáde kúrò nínú ìṣọ̀kan yẹn. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kan ń gbowó lójoojúmọ́ tí ẹ bá kọjá sí Yúróòpù, àwọn kan ò gbà á.

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Màá sọ fún àbúrò ọkọ mi lónìí.

Alhaja Àgége kọ:

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Dubai kọjá, ẹ fetí sí èyí náà. Tí ẹ bá lo síìmù tiwọn, ọ̀rọ̀ kíkọ àti fọ́tò lórí WhatsApp ń lọ, ṣùgbọ́n ìpè kò ní lọ, wọ́n dí i. Ohun tí Enjiníà sọ nípa ẹnu ọ̀nà àbájáde yẹn ló ṣàlàyé ohun tí mo máa ń rí: ẹni tó ń lo láìnì ìlú mìíràn ń pe ilé, ẹni tó ra tiwọn ń fi ohùn tí a ká sílẹ̀ ránṣẹ́.

Ní Saudi, ẹ̀yin tó ń lọ fún Hajj tàbí Umrah, wọ́n á gba ìka ọwọ́ àti pásípọ́ọ̀tù yín kí wọ́n tó ta síìmù fún yín, yálà STC, Mobily tàbí Zain. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ẹlòmíì.

Kọ́lá Computer Village kọ:

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kò tíì mọ̀ bóyá fóònù wọn ń gba eSIM sọ̀rọ̀, torí ojoojúmọ́ ni mò ń dáhùn ìbéèrè yìí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ tẹ *#06# bí ẹni fẹ́ pe nọ́ńbà. Nọ́ńbà IMEI á jáde. Tí ẹ bá tún rí EID lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, fóònù yín ń gba eSIM. Tí kò bá sí EID, kò gba eSIM nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Láti iPhone XS àti XR ọdún 2018 ni Apple ti ń fi eSIM sínú fóònù, Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú àwọn Galaxy S20 lọ́dún 2020. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti tà á ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ iPhone tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà kò ní eSIM rárá, síìmù oníkáàdì méjì ni wọ́n ń gbà. Irú rẹ̀ wà ní Ìkẹjà dáadáa, bákan náà sì ni wọ́n rí lójú.

Èyí tó le jù ni fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè òkun ṣì tì pa. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ General, ẹ wọ About, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí. "No SIM restrictions" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀, eSIM tí ẹ bá rà lè kọ̀, ẹni tó tà á sì lè má dá owó padà fún yín. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ wo tiyín lónìí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà kọ:

Mo ti wò ó, "No SIM restrictions" ló wà níbẹ̀. Mo sì rí EID. Ẹ ṣeun, Kọ́lá.

Ó ku OTP. Tí mo bá ń lo eSIM fún dátà, ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì á ṣì wọlé sórí láìnì Nàìjíríà mi? Mi ò sì fẹ́ kí láìnì yẹn jẹ mí lówó.

Enjiníà Táyọ̀ kọ:

Á wọlé, tí ẹ bá ṣe é dáadáa láti ilé. Láti iPhone 13 ni eSIM méjì ti lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí iPhone, torí náà láìnì yín àti eSIM ìrìn-àjò á jọ wà ní títàn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra wọn níbí. Roaming ti ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́tọ̀, ti dátà lọ́tọ̀. Kí OTP tó lè wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ní láti ti ṣí roaming fún láìnì náà. Ẹ pe 300 kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà, ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó, ẹ fi owó ìpè díẹ̀ sórí rẹ̀. Tí kò bá sí ní ṣíṣí, ẹ ó dé Guangzhou, láìnì náà ò ní rí òpó kankan, kò sì rọrùn láti ṣe é láti ọ̀hún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Cellular. Ẹ tẹ láìnì Nàìjíríà, ẹ pa Data Roaming rẹ̀. Ẹ padà, ẹ tẹ eSIM ìrìn-àjò, ẹ tan Data Roaming tirẹ̀. Ìbí yìí ló máa ń dojú rú fún wọn: wọ́n ti gbọ́ pé roaming burú, wọ́n á pa méjèèjì, eSIM kò ní lọ, wọ́n á ní ẹni tó ta á fún wọn lu àwọn ní jìbìtì. eSIM yẹn fúnra rẹ̀ àlejò ni ní Ṣáínà, ó gbọ́dọ̀ wà ní títàn kó tó ṣiṣẹ́. Ìkẹyìn, níbi Cellular Data, ẹ yan eSIM ìrìn-àjò, kí ẹ sì pa Allow Cellular Data Switching tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ìyẹn bá wà ní títàn, fóònù lè dá yí dátà sórí láìnì yín míì nígbà tí eSIM bá falẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gbowó àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé. Ìpè yàtọ̀: tí ẹnì kan bá pè yín láti Ọ̀ṣòdì tí ẹ bá gbé e, ẹ̀yin náà lẹ máa sanwó ìpè yẹn. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n pè yín lórí WhatsApp.

Àdìó Àkúrẹ́ kọ:

Mo fẹ́ fi kún ti báńkì. OTP máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà nígbà mìíràn, àkókò tí wọ́n fún un á sì ti kọjá kó tó dé. Tí báńkì yín bá ní token orí áàpù tàbí èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú, ẹ ṣètò rẹ̀ ní Èkó, ẹ fi san nǹkan kékeré kan wò. Ìyẹn kò nílò àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ má sì gbára lé àwọn kóòdù báńkì tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń kọ̀ tí láìnì bá wà ní roaming.

Ọmọ Sẹ̀mẹ̀ kọ:

Ẹni tó bá ń gba ojú títì lọ sí Kùtọ́nú nìkan ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó dé ẹnubodè ní Sẹ̀mẹ̀ Kraké ni fóònù ti lè máa mú òpó Bẹ̀nẹ̀, ẹ ò tíì kúrò ní Nàìjíríà o. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí nínú fóònù, ẹ pa èyí tó ń dá yàn fúnra rẹ̀, ẹ yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín. Ní Kùtọ́nú, MTN, Moov àti Celtiis ló wà, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání tí ẹ bá fẹ́ ra síìmù.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà kọ:

Mo ti rí i pé eSIM ni mo máa lò. Airalo, Holafly, Nomad, Saily ni ọmọ mi ń fi hàn mí. Kí ni mo máa wò kí n tó yan? Dátà tó mélòó ló máa tó mi?

Alájàpá Yiwu kọ:

Ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ. Ẹ wo ọjọ́ tó máa lò kó tó parí, ẹ wo iye GB, ẹ wo bóyá ẹ lè fi dátà kún un tó bá tán, ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ WhatsApp tí Enjiníà sọ yẹn.

Nípa ọjọ́, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín Canton Fair sí, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 15 October jẹ́ ti ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Aṣọ, bàtà àti nǹkan ọmọdé, ìpele kẹta ni wọ́n wà, ìyẹn 31 October sí 4 November. Tí ẹ bá lọ ní ìpele kìíní, ẹ máa rí ẹ̀rọ, ẹ ò ní rí aṣọ ọmọdé níbẹ̀, àfi kí ẹ kọjá sí àwọn ọjà Sanyuanli nínú ìlú náà. Ẹ ra eSIM tó máa kárí gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò, kí ẹ sì fi ọjọ́ díẹ̀ lé e, torí ọkọ̀ òfurufú lè sún.

Nípa GB, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ kíkọ kì í jẹ dátà púpọ̀. Fídíò ló ń jẹ ẹ́. Fíìmù tó mọ́ ketekete lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, torí náà ẹ gbé ohun tí ẹ máa wò sórí fóònù láti ilé. Ẹ wọ inú WhatsApp, ẹ pa gbígbé fídíò wọlé fúnra rẹ̀, kí àwọn fídíò ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí má baà jẹ dátà tí ẹ fẹ́ fi ṣòwò. Ẹ má jẹ́ kí iCloud fi dátà kó fọ́tò pamọ́. Àwọn tó ń pariwo pé dátà tiwọn kò lópin, púpọ̀ nínú wọn máa ń mú un falẹ̀ tí ẹ bá ti lo ìwọ̀n kan lóòjọ́. Ẹ ka ìwé wọn dópin.

Orí Wi-Fi ilé yín ni kí ẹ ti gbé eSIM náà sórí fóònù, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó lọ. Kò lè wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbà tó bá kan òpó ibẹ̀ ni ọjọ́ rẹ̀ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Àfikún mẹ́ta fún òwò yín. WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn bíi WhatsApp, ni gbogbo oníṣòwò ibẹ̀ ń lò, ẹ forúkọ sílẹ̀ láti Èkó, torí wọ́n lè ní kí ẹni tó ti wà lórí rẹ̀ jẹ́rìí yín. Google Maps kì í fi ojú ibi tí èèyàn wà hàn dáadáa níbẹ̀, Apple Maps ni kí ẹ lò, tàbí Amap. Ẹ sì gbé èdè Ṣáínà sórí Google Translate kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà, ẹ kàn máa na kámẹ́rà sí ohun tí wọ́n kọ.

Fúnmi Houston kọ:

Àǹtí, tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ òfurufú, airplane mode ni kí fóònù wà títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ní òpó tiwọn nínú, fóònù lè mú un láìbéèrè, owó rẹ̀ sì wọ́n kọjá sísọ. Ní Addis Ababa, Wi-Fi pápákọ̀ òfurufú ti tó yín. eSIM tó jẹ́ ti Ṣáínà nìkan kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà kọ:

Ẹ ò mọ bí ẹ ṣe ràn mí lọ́wọ́ tó. Ìpele kẹta tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an, màá pe ẹni tó bá mi ṣe tíkẹ́ẹ̀tì lónìí, torí àárín October ni wọ́n kọ sí i.

Ìbéèrè ìkẹyìn. Mi ò ní nọ́ńbà Ṣáínà kankan tí mo bá ń lo eSIM, àbí? Ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́? Wọ́n tún ní a lè kọjá sí Hong Kong fún ọjọ́ kan.

Alájàpá Yiwu kọ:

Ọ̀pọ̀ eSIM arìnrìn-àjò, dátà nìkan ni, kò ní nọ́ńbà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára níbi méjì. Wi-Fi ìta gbangba máa ń fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ kò sì nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ ní dátà. Dírẹ́bà DiDi, áàpù takisí tiwọn, náà lè fẹ́ pè yín. Ẹ lo DiDi láti inú Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ̀wé sí dírẹ́bà nínú áàpù, á túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí hòtẹ́ẹ̀lì kọ àdírẹ́sì wọn ní èdè Ṣáínà sórí káàdì fún yín.

Hong Kong lọ́tọ̀, Macau lọ́tọ̀, ní ti dátà. Tí ó bá ṣeé ṣe kí ẹ kọjá, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ Ṣáínà, Hong Kong àti Macau sí lára pọ̀. Tí ẹ bá dé Èkó padà, ẹ yí Cellular Data sórí láìnì yín, ẹ pa eSIM náà, ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò tí dátà bá ṣì wà lórí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọlé lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ bá ti pa á rẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà kọ:

Wọ́n ti sún tíkẹ́ẹ̀tì mi sí 29 October. Mo ti pe 300, wọ́n ti ṣí roaming fún mi. Ọ̀la ni ọmọ mi máa bá mi ra èyí tó ní Hong Kong nínú.